Ẹ̀yin Ìyá Wa, Irin Gbígbé Kì Í Sọ Obìnrin Di Ọkùnrin

  

Ó lè ya àwọn kan lẹ́nu pé kí ni ó kan Àáfà nínú ọ̀rọ̀ irin gbígbé. Ohun tó kàn mí níbẹ̀ nìyí. Ní nǹkan bí ọdún mẹ́wàá sẹ́yìn, àga tó wà ní apá ibi tí àwọn obìnrin ti ń kírun ní mọ́ṣáláṣí wa ní Ejìnrìn níhìn-ín kò ju méjì tàbí mẹ́ta lọ. Lónìí, àga ti di ọ̀wọ́ níbẹ̀. Àwọn ìyá tó ń jókòó lé wọn kì í sì í ṣe arúgbó tán. Òmíràn nínú wọn kò tíì pé ọgọ́ta ọdún. Wọ́n lè tẹ̀ ba, wọ́n lè foríkanlẹ̀, ṣùgbọ́n àtidìde ni kò rọrùn mọ́, àfi bí ẹnìkan bá na ọwọ́ sí wọn tàbí kí wọ́n di ògiri mú. Kò sí àríyànjiyàn pé ẹni tí ara rẹ̀ kò le lè jókòó kírun. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lè dá dìde nílẹ̀ ní mọ́ṣáláṣí tí èèyàn kún, báwo ni yóò ti ṣe é bí ó bá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ní ọ̀sán ọjọ́ kan tí kò sí ẹnikẹ́ni nílé?

Nọ́ọ̀sì kan tó jẹ́ ọmọ ìlú wa ló wá bá àwọn obìnrin Àsàláátù sọ̀rọ̀ lórí èyí ní ọjọ́ Àìkú kan. Ó ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí gbé irin. Ẹ̀rín ni wọ́n kọ́kọ́ fi dá a lóhùn. Nígbà tí ẹ̀rín tán, àwíjàre bẹ̀rẹ̀ sí dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo ń gbọ́ gbogbo rẹ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ìyá wa gbà gbọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí kò rí bẹ́ẹ̀ rárá, mo sì lọ fara balẹ̀ ka ohun tí àwọn oníṣègùn kọ kí n tó mú gègé.

Èyí tó kọ́kọ́ jáde lẹ́nu wọn ni pé: "Ṣé ẹ fẹ́ kí n di ọkùnrin ni?" Ìyá kan fi ọwọ́ júwe àyà bí ilẹ̀kùn àti ọrùn bí ọrùn akọ màlúù, gbogbo ilé sì bú sẹ́rìn-ín.

Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ náà ti rí. Ohun tó ń mú kí iṣan ọkùnrin tóbi tó bẹ́ẹ̀ ni omi ara kan tí àwọn oníṣègùn ń pè ní testosterone. Obìnrin náà ní in lára, ṣùgbọ́n ti ọkùnrin fi ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ pọ̀ ju ti obìnrin. Bí obìnrin bá ń gbé irin, agbára rẹ̀ yóò pọ̀ sí i, iṣan rẹ̀ yóò le, yóò sì tóbi díẹ̀. Irùngbọ̀n kò ní hù ú, ohùn rẹ̀ kò sì ní di ohùn bàbá. Agbára àti ìtóbi kì í ṣe ohun kan náà. Ní oṣù kan tàbí méjì àkọ́kọ́, púpọ̀ nínú agbára tuntun tí èèyàn ń rí kì í ti inú iṣan títóbi wá. Ọpọlọ ni ó ń kọ́ bí yóò ti máa pe iṣan tó ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí iṣẹ́. Ó dà bí ìyálọ́jà kan tó ní alábàárù mẹ́wàá, tí mẹ́fà nínú wọn sì ń sùn lábẹ́ àtíbàbà. Kò tíì nílò láti gba ẹni tuntun síṣẹ́. Kí ó jí àwọn tó ń sùn ná.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọmọ wa kan ṣe àpẹẹrẹ. Ní 2022, ní ìdíje àwọn orílẹ̀-èdè Commonwealth tí wọ́n ṣe ní Birmingham ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Rafiatu Folashade Lawal gba wúrà fún Nàìjíríà nínú irin gbígbé. Ẹ tún orúkọ náà gbọ́ dáadáa: Ràfíátù ni. Ìsọ̀rí tí ó ti díje ni ti àwọn obìnrin tí ara wọn kò wúwo ju kílò 59 lọ. Ó fa kílò 90 láti ilẹ̀ lọ sókè orí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lẹ́yìn náà ó gbé kílò 116 sí èjìká, ó sì tì í lọ sókè. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 206. Ẹ̀yin tí ẹ ń ta sìmẹ́ǹtì mọ̀ pé kílò 50 ni àpò kan. Obìnrin tí òun fúnra rẹ̀ kò fi ju kílò mẹ́sàn-án lọ wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan, ni ó gbé ohun tó ju àpò méjì lọ sókè orí rẹ̀. Bí irin gbígbé bá máa ń sọ obìnrin di ràbàtà tipátipá, báwo ni ẹni tó ti ń gbé e fún ọdún púpọ̀ yóò ti rí ara rẹ̀ mú dúró sí 59? Bí ó bá sì fi díẹ̀ kọjá a, wọn kò ní jẹ́ kó díje ní ìsọ̀rí náà.

Òótọ́ ni pé àwọn obìnrin kan wà nínú àwòrán tí iṣan wọn ga bí òkìtì. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ṣe é, ojoojúmọ́ ni, pẹ̀lú oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n lórí òṣùwọ̀n. Àwọn mìíràn sì ń fi oògùn tó dà bí omi ara ọkùnrin kún un. Ẹ̀tàn oògùn yìí ti wọ inú ìdíje pàápàá. Ní Olympics tí wọ́n ṣe ní Beijing ní 2008, Mariam Usman, ọmọ Nàìjíríà, ṣe ipò karùn-ún. Ọdún púpọ̀ kọjá kí wọ́n tó tún àyẹ̀wò ṣe, wọ́n sì rí oògùn èèwọ̀ lára méjì nínú àwọn tó ṣáájú rẹ̀. Báyìí ni àmì ẹ̀yẹ bàbà ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ìyá tó ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ kò sí lójú ọ̀nà yìí rárá. Kò lè ṣèèṣì di bẹ́ẹ̀.

Èkejì ni èyí tí mo rí i pé ó ní ìdí. Ìyá ẹlẹ́ja kan ló sọ ọ́, kò sì fi ẹ̀rín sọ ọ́: "Àáfà, láti ọmọ ọdún méje ni mo ti ń ru ẹrù. Irin wo ni n óò tún máa gbé?"

Ta ni yóò dá a lẹ́bi? Ní ìlú yìí, ẹrù rírù kì í ṣe ìtàn àtẹnudẹ́nu lásán. Ní ayé àwọn ìyá ìyá wa, kí òyìnbó tó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, ọjà Ejìnrìn wà lára àwọn ọjà tó tóbi jù lọ ní etí ọ̀sà. Àwọn ará Èkó ń fi ọkọ̀ ojú omi kó iyọ̀ àti aṣọ òyìnbó wá. Àwọn ará òkè ń gbé epo, ekuro àti oúnjẹ sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wọn. Kí ni wọ́n fi ń gbé e? Orí ni. Kò sí mọ́tò, kò sí kẹ̀kẹ́. Nígbà tí rélùwéè Èkó dé Ìbàdàn ní 1901, tí títì mọ́tò sì wá tẹ̀lé e, òwò bẹ̀rẹ̀ sí yà kúrò létí omi díẹ̀díẹ̀, Ejìnrìn sì di ohun tí ẹ ń wò yìí. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn lágbára, n kò jiyàn.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká bi ara wa ní ìbéèrè kan. Ẹrù tí a ń sọ yìí, ìgbà wo la rù ú kẹ́yìn? Ọkọ̀ ni ó ń kó ọjà wá láti Ẹ̀pẹ́ àti Ìkòròdú. Ọ̀kadà ni ó ń gbé e dé ẹnu ìsọ̀. Alábàárù ni ó ń sọ̀ ọ́. Láti aago méje àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, orí àpótí ni ìyá wà. Bí oníbàárà bá dé, ọmọ ni yóò dìde lọ mú ọjà wá. Agbára tí a ní ní ọmọ ogún ọdún kì í ṣe owó tí a fi pa mọ́ sí báńkì. Bí a kò bá lò ó, yóò lọ. Àwọn onímọ̀ sọ pé láti nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún ni iṣan ara ti ń bẹ̀rẹ̀ sí dín kù lára ẹni tí kò bá fún un níṣẹ́ ṣe, bí ọjọ́ orí bá sì ti ń gòkè ni ó ń yára sí i.

Àwọn tó ṣì ń ru ẹrù lójoojúmọ́ ńkọ́? Àwọn wọ̀nyí náà wà, mo ń rí wọn. Ní 1986, àwọn onímọ̀ kan tẹ ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe lórí àwọn obìnrin Luo àti Kikuyu ní Kenya. Wọ́n wọn èémí wọn bí wọ́n ti ń ru ẹrù rìn. Wọ́n rí i pé obìnrin tó ti mọ ẹrù rù láti kékeré lè ru ohun tó tó ìdá kan nínú márùn-ún ìwọ̀n ara rẹ̀, kí ara rẹ̀ má sì ná agbára kankan ju ti ìgbà tó ń rìn lọ́wọ́ òfo lọ. Ẹni tó wúwo kílò 60 lè ru 12 bí ẹni pé kò ru nǹkan kan. Ìyanu ni, ẹ̀bùn sì ni. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó sí ọ̀nà kejì. Ohun tí ara ti mọ̀ tó bẹ́ẹ̀ kò tún béèrè agbára tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Ọmọ ilé kéú tó bá ń ka Fátíhà nìkan láràárọ̀ fún ọdún mẹ́wàá, yóò mọ Fátíhà dunjú. Yásín kò ní ti ibẹ̀ wá.

Ìyẹn ni ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹrù orí àti irin. Ẹrù orí ń tẹ ọrùn àti ẹ̀yìn mọ́lẹ̀ láti òkè. Orúnkún kì í tẹ̀ púpọ̀, ọwọ́ kì í ṣe ju pé kí ó di igbá mú lọ. Ìwọ̀n kan náà ni lónìí àti lọ́la, kò sì sí ọjọ́ ìsinmi, nítorí ọjà ni ó ń pàṣẹ. Irin gbígbé yàtọ̀ sí èyí. Èèyàn ń tẹ̀ ba, ó ń dìde, ó ń tì, ó ń fà, gbogbo oríkèé ara ló ń ṣiṣẹ́ ní ìpín tirẹ̀. Ìwọ̀n rẹ̀ kéré ní ìbẹ̀rẹ̀, à ń fi díẹ̀ kún un bí ara bá ti ń gbà á. Lẹ́yìn rẹ̀ à ń sinmi, nítorí inú ìsinmi ni iṣan ti ń tún ara rẹ̀ mọ. Ẹrù orí ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ni ọjà. Irin ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó ń gbé e.

Ẹ̀kẹta, ohùn jẹ́jẹ́ ni wọ́n fi sọ ọ́, mo sì mọ̀ pé nítorí tèmi ni. Nọ́ọ̀sì ló sọ ọ́ síta: wọ́n ń bẹ̀rù pé ilé ọmọ yóò sọ̀, tàbí pé ọmọbìnrin tí kò tíì bímọ kò ní rí ọmọ bí mọ́. Ti àìrọ́mọbí yẹn, kò sí òótọ́ nínú rẹ̀. Irin kì í ba ilé ọmọ jẹ́. Ohun tó lè dí nǹkan oṣù obìnrin lọ́wọ́ ni kí ó máa lo ara rẹ̀ nílòkulò kí ó má sì jẹun tó, ìyẹn sì lè ṣẹlẹ̀ sí eléré ìje pẹ̀lú. Ti ilé ọmọ tó ń sọ̀ kalẹ̀ ni kí a fi òye gbọ́. Ọmọ bíbí léraléra, ìrọbí tó pẹ́, ọjọ́ orí, ikọ́ tí kì í lọ àti ìgbẹ́ gbígbẹ wà lára ohun tó ń fà á. Ẹrù wúwo tí a ń fi tipá gbé láìmọ bí a ti ń gbé e lè dá kún un. Nítorí náà, ìyá tó bá ti ń rí àmì rẹ̀, tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, kí ó rí dókítà ná kí ó tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Àwọn yòókù kò ní ìdí láti bẹ̀rù ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, bí wọ́n bá ń mí síta nígbà tí wọ́n bá ń gbé e sókè, tí wọn kò sé èémí mọ́nú. Aláboyún tí dókítà kò bá kìlọ̀ fún pàápàá, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìdárayá tó ń fún iṣan lágbára mọ́ ohun tó dára fún un nínú ìlànà tí wọ́n gbé jáde ní 2020.

Ẹ̀kẹrin ni ti ọjọ́ orí. "Ẹ fi èyí sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, èmi ti dàgbà." Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Bí ọmọ ogún ọdún kò bá gbé irin, nǹkan kan lè má ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Ìyá ẹni àádọ́ta ọdún ni kò ní àkókò láti fi ṣòfò.

Egungun kì í ṣe òkúta. Ohun alààyè ni. Ojoojúmọ́ ni ara ń wó díẹ̀ nínú rẹ̀ tí ó sì ń mọ òmíràn, bí bíríkìlà tó ń tún ilé ṣe nígbà tí àwọn onílé ṣì ń gbé inú rẹ̀. Ní ìgbà èwe, mímọ ju wíwó lọ. Nígbà tí nǹkan oṣù obìnrin bá dáwọ́ dúró, ní nǹkan bí àádọ́ta ọdún, omi ara obìnrin tó ti ń ṣọ́ egungun láti ìgbà ọmọge yóò dín kù, wíwó yóò sì borí mímọ. Inú egungun á máa ṣófo bí igi tí ikán ti jẹ nínú tí èèpo rẹ̀ ṣì dúró. Kì í dun èèyàn, kì í wú. Ọjọ́ tí ìyá bá fi ẹsẹ̀ kọ lẹ́nu ọ̀nà ni yóò mọ̀, egungun ìbàdí á sì ṣẹ́ nínú ìṣubú tí kò yẹ kó ju kí aṣọ dọ̀tí lọ. Láti ọjọ́ náà, ẹni tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ bọ́ ilé láti ogójì ọdún lè di ẹni tí wọ́n ń gbé lọ sí balùwẹ̀. Ìsọ̀ á tì. Owó ọjà á tẹ̀lé owó ilé ìwòsàn. Mo ti lọ kí irú àwọn bẹ́ẹ̀ nílé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Ní Yunifásítì Griffith ní Australia, wọ́n kó obìnrin 101 jọ tí nǹkan oṣù wọn ti dáwọ́ dúró, tí egungun wọn sì ti ń dín kù. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí wọn jẹ́ ọdún 65. Wọ́n pín wọn sí ọ̀nà méjì. Àwọn kan ń ṣe ìdárayá fúyẹ́fúyẹ́ nílé. Àwọn ìyókù ń gbé irin, kì í sì í ṣe irin ṣeréṣeré, irin tó wúwo ni, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, olùkọ́ sì ń dúró tì wọ́n. Oṣù mẹ́jọ ni wọ́n fi ṣe é. Nínú èsì tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018, egungun ẹ̀yìn àwọn tó gbé irin ti fi nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i. Ti àwọn tó ṣe fúyẹ́fúyẹ́ ti fi ìdá kan àti díẹ̀ dín kù. Ẹ̀yin ọlọ́jà, ẹ má sọ pé ìdá mẹ́ta kéré. Ẹ mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín ẹni tó jèrè díẹ̀ àti ẹni tí owó ọjà rẹ̀ ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún.

Bí ẹni ọdún 65 bá ṣì ń ṣe yín bí ọmọdé, ẹ gbọ́ ti Boston ní Amẹ́ríkà. Ní 1990, dókítà obìnrin kan, Maria Fiatarone, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì iṣẹ́ wọn jáde lórí àgbàlagbà 10 ní ilé ìtọ́jú arúgbó. Ẹni tó kéré jù nínú wọn tó ọmọ ọdún 86, àgbà wọn jẹ́ 96. Ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ ni wọ́n fi ń fi ẹsẹ̀ gbé ìwọ̀n. Agbára ìtan wọn fi ju ìlọ́po méjì lọ. Àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ni mo ń sọ o, àwọn tí à ń gbàdúrà pé kí wọ́n kàn máa mí.

Àwọn èrò kéékèèké mìíràn wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Àwọn kan ní bí èèyàn bá gbé irin tó wá ṣíwọ́, iṣan rẹ̀ yóò di ọ̀rá. Irọ́ ni. Ohun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ìkan kì í di èkejì, bí ewúrẹ́ kì í ti í di àgùntàn. Bí o bá ṣíwọ́, iṣan á fọn, bí o bá sì ń jẹun bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ọ̀rá á wá, ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn. Àwọn mìíràn fẹ́ gbé irin kí ikùn nìkan lè wọlé. Ara kì í gba àṣẹ bẹ́ẹ̀. Ibi tí ó bá wù ú ni ó ti ń mú ọ̀rá rẹ̀. Àwọn tó sì sọ pé ìrìn tó fún obìnrin, ìrìn dára, ẹ má fi í sílẹ̀, ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ṣe lóore jù lọ. Ìlànà ọdún 2020 tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan fẹ́ kí àgbà máa rìn tàbí kí ó ṣe ohun tó jọ ọ́ fún ó kéré tán 150 ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀, kí ó sì fún iṣan níṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ó kéré tán. Ìkan kò rọ́pò èkejì.

Ó ku ti ẹ̀sìn. Mo mọ̀ pé yóò dé ọ̀dọ̀ mi, ó sì dé. Ìyá kan ní ṣé kò ṣe èèwọ̀ kí obìnrin Mùsùlùmí máa gbé irin bí ọkùnrin.

Asmáù ọmọ Abúbákárì, ọmọ Sàhábà tó ga jù lọ ni. Ó wà nínú ìwé Bukhari pé òun fúnra rẹ̀ a máa ru kóró dàbínù lórí láti orí ilẹ̀ Zubayr, ọkọ rẹ̀, wá sílé, ọ̀nà náà sì jìn. Nínú ìwé Abu Dawud ni a ti kà á pé Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́run máa bá a, bá Àìṣà ìyàwó rẹ̀ sáré ìje, pé Àìṣà ló kọ́kọ́ ṣáájú, àti pé nígbà tí ó ti sanra lẹ́yìn náà, Ànábì ló ṣáájú. Ibo ni a ti rí i pé wọ́n ní kí obìnrin jẹ́ ahẹrẹpẹ? Ohun tí ẹ̀sìn béèrè ni aṣọ tó bo ara àti ibi tó bójú mu. Méjèèjì kò ṣòro. Ẹ̀yìnkùlé wà, yàrá wà, ẹgbẹ́ obìnrin wà. Kódà ní ibi ìdíje ti ayé, ọ̀rọ̀ aṣọ ti yanjú. Kulsoom Abdullah, ọmọ Pakistan tí wọ́n bí ní Amẹ́ríkà, fẹ́ díje pẹ̀lú aṣọ tó bo apá, ẹsẹ̀ àti orí rẹ̀, òfin ìgbà náà kò sì gbà á. Ó kọ̀wé, ó ṣàlàyé, kò bínú kúrò. Ní 2011, àjọ tó ń ṣàkóso irin gbígbé ní gbogbo àgbáyé yí òfin náà padà, ó sì díje nínú ìdíje àgbáyé tó wáyé ní Paris lọ́dún náà pẹ̀lú híjáàbù rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀, bí nọ́ọ̀sì wa ti là á sílẹ̀. Ẹ kò nílò láti ra irin ní ìbẹ̀rẹ̀. Lítà omi kan, kílò kan ni. Ìgò omi lítà kan àbọ̀, kílò kan àbọ̀. Gálọ́ọ̀nù lítà márùn-ún, kílò márùn-ún. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 tí ẹ fi ń pọn omi, bí ó bá kún, kílò 25 ni, bí ó bá sì dé ìdajì, ẹ mọ ìṣirò ju mí lọ.

Kí ìyá kọ́kọ́ jókòó lórí àga líle, kí ó dìde láìfi ọwọ́ ti nǹkan kan, kí ó tún jókòó jẹ́jẹ́. Kí ó ṣe é tó ìgbà mẹ́jọ sí méjìlá. Èyí nìkan yóò tó àwọn kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí ó bá rọrùn, kí ó gbá gálọ́ọ̀nù mọ́ àyà bí ẹni gbé ọmọ, kí ó máa dìde pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni gbígbé nǹkan nílẹ̀: ẹsẹ̀ yà díẹ̀, ìdí lọ sẹ́yìn bí ẹni fẹ́ fi ìdí ti ilẹ̀kùn, orúnkún tẹ̀, ẹ̀yìn tọ́, kẹ́ẹ̀gì súnmọ́ ara, kí ó tó dìde. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ká ẹ̀yìn bí ọ̀pá ìlù gángan nígbà tí ẹ bá ń gbé ìkòkò, èyí ni ó ń fa ẹ̀yìn dídùn yín. Ẹ̀kẹta ni kí ó ti ìgò méjì sókè orí. Ẹ̀kẹrin ni kí ó fi ọwọ́ kan di tábìlì mú, kí ó tẹ̀ síwájú, kí ó fi ọwọ́ kejì fa gálọ́ọ̀nù wá sí ìbàdí bí ẹni fa okùn kànga. Kí ó sinmi ìṣẹ́jú méjì, kí ó tún yí i po lẹ́ẹ̀kan tàbí ẹ̀ẹ̀mejì. Ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ ti tó, kí àwọn ọjọ́ náà má lẹ̀ mọ́ra. Bí ìgbà méjìlá bá ti di ohun tí a lè ṣe ká sì máa bá ará ilé sọ̀rọ̀ lọ, ó tó àsìkò láti bu omi kún un. Ibí yìí ni púpọ̀ ń dúró sí. Wọ́n á gbé ìgò kan náà fún ọdún kan, wọ́n á sì ní àwọn kò rí ìyàtọ̀.

Ẹ máa ka iye rẹ̀ síta pẹ̀lú ohùn, èémí kò ní há sáyà, nítorí èémí tí a sé ni ó ń ru ẹ̀jẹ̀ sókè. Ìyá tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kò tíì rọlẹ̀, tí àyà ń dùn, tàbí tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ fún, kí ó gba ọ̀dọ̀ dókítà lọ kó tó bẹ̀rẹ̀. Kí ara ro èèyàn ní ọjọ́ kejì kì í ṣe àìsàn. Ìrora tó bá gún bí abẹ́rẹ́ ní oríkèé ni kí a dá dúró fún.

Ẹ̀yin baba, ó kàn yín. Iṣan kì í ti inú ẹ̀bà nìkan wá. Ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, ẹyin àti ẹja ni a fi ń kọ́ ọ, a kì í sì í wá ẹja tì ní etí ọ̀sà níhìn-ín. Síbẹ̀, nínú ilé púpọ̀ tí mo ti jẹun, ìyá tó ń yan ẹja tà láti àárọ̀ ni ó ń fi omi ọbẹ̀ lásán jẹ òkèlè tirẹ̀, nígbà tí orí, ìrù àti àárín ẹja ti lọ sí àwo bàbá àti àwọn ọmọ. Ẹ bu ẹja fún ìyá. Bí ó bá sì fẹ́ gba ogún ìṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ní ẹ̀yìnkùlé, ẹ má pè é síbi ọṣẹ àti omi gbígbóná ní àkókò náà.

Bí aawẹ̀ Ramadan bá dé, ẹ má ṣe é ní ọ̀sán tí omi kò sí lára. Lẹ́yìn ìṣínu, nígbà tí oúnjẹ bá ti fara balẹ̀, kí Asamu tó bẹ̀rẹ̀ tàbí lẹ́yìn rẹ̀, ni kí ẹ fi í sí, kí ẹ sì dín ìwọ̀n rẹ̀ kù díẹ̀ títí oṣù yóò fi lé.